Mo fi sáfà kún sáfà, WPS wa kò yá sí i: kí ni mo ṣe tí kò dáa?

AwòIlẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìṣirò máàpù lọ sórí kíláòdù rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìṣirò méjì ni WPS wa (Web Processing Service, ìlànà tí èèyàn fi ń rán ìṣirò máàpù sí sáfà) ń ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ á ya ààlà oko tàbí igbó rẹ̀, á mú ọjọ́ tó wù ú, a ó wá fi àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ṣírò NDVI fún un, kó lè mọ bí ewéko ibẹ̀ ṣe ń ṣe sí, a ó sì fún un ní ìpíndọ́gba rẹ̀. Ti èkejì ń gba DEM, ìyẹn rásítà (àwòrán oní-píkísẹ̀lì) gíga ilẹ̀, ó ń wá ibi tí omi ń ṣàn gbà àti ibi tó ń kó jọ sí. PyWPS, sọ́fítíwia WPS tí wọ́n fi Python kọ, la fi gbé e kalẹ̀; GDAL, irinṣẹ́ tó ń ka rásítà, ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an nísàlẹ̀.

Lórí sáfà kan ṣoṣo, kò sí wàhálà. Nígbà tí èrò wá pọ̀, a gbé e lọ sórí kíláòdù: kọ̀nténà mẹ́ta (àpótí sọ́fítíwia tó ń ṣiṣẹ́ bí sáfà kékeré), load balancer tó ń pín ìbéèrè fún wọn níwájú wọn. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Ìbéèrè tó bá pẹ́ díẹ̀, «504 Gateway Time-out» ló ń mú bọ̀. Èyí tí mo bá ní kó máa lọ lábẹ́lẹ̀, kí oníbàárà máa padà wá wo ibi tó dé, nígbà míì á rí i, nígbà míì 404, ìyẹn «kò sí». Láàárọ̀ yìí mo tẹ línkì kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló dáhùn. Kọ̀nténà tún ń kú láìsọ ohun tó pa á, nọ́ńbà 137 nìkan ni mo ń bá nídìí rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìṣirò kan ṣoṣo kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rárá. Ẹ̀rọ mẹ́ta mà ni!

---

BàbáRásítà · Ọjọ́ Ajé, 9:25 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Jẹ́ ká mú un láti ibi ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́fà yẹn, torí òun ló tú àṣírí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Kọ̀nténà mélòó lo ní? Mẹ́ta.

Nínú WPS 1.0.0 tí OGC, àjọ tó ń ṣe ìlànà dátà máàpù, gbé jáde ní 2007, tí oníbàárà bá kọ storeExecuteResponse=true àti status=true sínú Execute (ìbéèrè ìṣirò) rẹ̀, sáfà á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, á sì fún un ní àdírẹ́sì kan tó ń jẹ́ statusLocation. Fáìlì XML kan ló wà ní àdírẹ́sì yẹn. Inú dísíìkì kọ̀nténà tó gba iṣẹ́ ni PyWPS rẹ ń kọ fáìlì náà sí, nítorí o kò sọ ibòmíràn fún un. Oníbàárà padà wá béèrè, load balancer darí rẹ̀ sí kọ̀nténà kejì. Ìyẹn ò gbọ́ orúkọ iṣẹ́ náà rí láyé. 404 nìyẹn.

Àwọn kan á gbà ọ́ níyànjú pé kí o so oníbàárà kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀nténà kan. Má ṣe é. Ọjọ́ tí kọ̀nténà yẹn bá kú, á gbé ìròyìn gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sọ́run, bẹ́ẹ̀ o ti sọ fún wa pé wọ́n ń kú.

Ohun tí o máa ṣe ni pé kó má sí ìrántí kankan lọ́wọ́ kọ̀nténà. Nínú fáìlì ìṣètò PyWPS:

```
[server]
outputpath=/ajoni/esi
outputurl=https://.../esi
maxprocesses=30
parallelprocesses=2

[logging]
database=postgresql://...
```

Ibi tí gbogbo kọ̀nténà ti lè kà, tí wọ́n sì ti lè kọ, ni kí /ajoni jẹ́. Ìlà database yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò. Tí o kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, dátábéèsì SQLite tó ń gbé inú mẹ́mọ́rì ni PyWPS ń lò, ibẹ̀ ló sì ti ń ka iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Kọ̀nténà mẹ́ta, ìwé ìṣirò mẹ́ta tí kò mọ ara wọn. O rò pé iṣẹ́ méjì lo gbà láyè lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́fà ló ń lọ.

---

ỌmọKọ̀nténà · Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ẹ kú àlàyé, bàbá.

Ẹ̀gbọ́n AwòIlẹ̀, ṣé nginx ni load balancer tó wà níwájú? Tó bá jẹ́ òun ni, ìṣẹ́jú àáyá 60 ni proxy_read_timeout rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Tí sáfà tó wà lẹ́yìn kò bá sọ nǹkan kan títí ìṣẹ́jú kan fi pé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fún oníbàárà ní 504. Ṣùgbọ́n ìṣirò yín ṣì ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Oníbàárà á rò pé ó ti bàjẹ́, á tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ kan á di méjì.

Ẹ má kàn sọ 60 di 3600. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìṣirò tó lè kọjá ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan máa lọ lábẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá sì ráyè yí padà, OGC API – Processes, tí wọ́n fọwọ́ sí apá kìíní rẹ̀ ní 2021, rọrùn púpọ̀ ju XML lọ. Ẹ fi JSON ránṣẹ́ sí /processes/ndvi/execution, ẹ fi «Prefer: respond-async» sí orí ìbéèrè náà, á dá yín lóhùn pẹ̀lú 201 àti àdírẹ́sì /jobs/ tẹ̀lé nọ́ńbà iṣẹ́ yín. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa rí i bóyá accepted ni, running, successful, failed tàbí dismissed. Sọ́fítíwia pygeoapi àti ZOO-Project ń ṣe é.

---

AwòIlẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Mo ti gbé ìròyìn iṣẹ́ sínú dátábéèsì PostgreSQL, mo sì ti gbé èsì síbi àjọni. Mo tẹ línkì lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹwẹ̀ẹ̀wá. 504 náà ti lọ, torí kò sẹ́ni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

137 ló kù, àti ìfalẹ̀. Ibi tí mo fura sí nínú kóòdù rèé (ds8 ni fáìlì bándì NIR, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, ds4 ni ti pupa):

```
nir = ds8.GetRasterBand(1).ReadAsArray().astype(float)
red = ds4.GetRasterBand(1).ReadAsArray().astype(float)
ndvi = (nir - red) / (nir + red)
```

Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti kọ́kọ́ ṣe dáńlóòdù fáìlì méjèèjì wá sínú dísíìkì.

---

ÌyáDátà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:50 àárọ̀

Ọmọ mi, o ti fi ọwọ́ ara rẹ tọ́ka sí i. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀.

Táìlì Sentinel-2 kan, bándì oní-mítà 10, ní píkísẹ̀lì 10,980 ní ìbú àti 10,980 ní òòró. Ìyẹn jẹ́ píkísẹ̀lì 120,560,400. Báìtì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì, nítorí náà bándì kan jẹ́ 241 MB tí a bá tú u sílẹ̀. Ìwọ wá kọ astype(float). Lójú numpy, irinṣẹ́ ìṣirò Python, float lásán túmọ̀ sí báìtì mẹ́jọ. Bándì kan ti di 964 MB. Bándì méjì, àti ndvi tí yóò gba àyè tirẹ̀, ti ń lọ sí 3 GB, a ò tíì ka èyí tí (nir - red) àti (nir + red) ń gbà lójú ọ̀nà. Mélòó lo fún kọ̀nténà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò tó 4 GB. 137 jẹ́ 128 àti 9: àmì 9 ni ẹ̀rọ fi ń pa ohun tó bá jẹ mẹ́mọ́rì kọjá òdiwọ̀n, kì í sì í fún un láyè láti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìdí tí o kò fi rí nǹkan kan kà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé oko tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ lè má ju kìlómítà 5 sí 5 lọ. Píkísẹ̀lì 500 sí 500 ni. Báìtì 500,000 nìyẹn ní bándì kọ̀ọ̀kan. Nítorí 500,000 báìtì, o ń wọ́ 241 mílíọ̀nù!

Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí kò ju kí a gbé ìṣirò lọ bá dátà lọ, kì í ṣe kí dátà máa rìnrìn àjò wá bá ìṣirò. Ìgbésẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kọ̀nténà rẹ gbọ́dọ̀ wà ní àgbègbè kíláòdù kan náà tí búkẹ́ẹ̀tì (ibi ìkópamọ́ kíláòdù) àwòrán wà. Wo ó lónìí kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ọ̀nà ni gbogbo àkókò rẹ ń lọ sí, owó gbígbé dátà jáde sì ń gun orí ara wọn.

Èkejì, lo COG, ìyẹn GeoTIFF tí wọ́n tò fún kíláòdù. Wọ́n gé inú rẹ̀ sí àwọn àpótí kéékèèké, fún àpẹẹrẹ 512 sí 512, wọ́n sì kọ ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan wà sí iwájú fáìlì. GDAL á ka iwájú yẹn, á mọ àpótí tó kan oko rẹ, á sì fi HTTP béèrè báìtì ìyẹn nìkan. Fèrèsé píkísẹ̀lì 500 kò lè kan ju àpótí mẹ́rin lọ. Mẹ́rin lọ́nà 512 lọ́nà 512 lọ́nà báìtì méjì, 2 MB nìyẹn kí a tó fún un pọ̀. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí o ń wọ́ lónìí.

```
ds = gdal.Open("/vsicurl/https://.../B08.tif")
nir = ds.GetRasterBand(1).ReadAsArray(x, y, 500, 500).astype("float32")
```

JPEG 2000 ni wọ́n fi ń kó Sentinel-2 síta láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà COG rẹ̀ wà ní àwọn ibi ìkópamọ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àkójọ STAC (ìlànà àkọsílẹ̀ ìsọfúnni nípa àwòrán) sì wà tí o lè fi wá èyí tí o fẹ́. Fi GDAL_DISABLE_READDIR_ON_OPEN=EMPTY_DIR kún un pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ GDAL á máa gbìyànjú láti ka orúkọ gbogbo fáìlì tó wà ládùúgbò kó tó ṣí ọ̀kan.

---

ỌmọKọ̀nténà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:31 àárọ̀

Kí n fi díẹ̀ kún ti ìyá. GDAL_CACHEMAX: tí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, GDAL á mú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́mọ́rì tó bá rí fún káàṣì rẹ̀. Prósẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ń mú tirẹ̀ o. Tó bá rí 64 GB, 3.2 GB nìyẹn, prósẹ́ẹ̀sì mẹ́jọ á sì fẹ́ 25.6 GB. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ iye tó mọ níwọ̀n, 256 fún àpẹẹrẹ, kí ọkàn yín balẹ̀.

---

Alápá_Spark · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un pé kó gbé gbogbo rẹ̀ sórí Hadoop tàbí Spark, tó ń pín iṣẹ́ dátà ńlá sórí ẹ̀rọ púpọ̀? Ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún nìyí. Ẹ kó fáìlì sínú HDFS, ibi tí Hadoop ń kó fáìlì sí, á gé wọn, á pín wọn káàkiri, ẹ̀rọ á kú, iṣẹ́ á máa lọ. Èmi ti lò ó fún àwọn ojú-ààmì tó pọ̀ bí yanrìn, ó sì ṣe é.

---

BàbáRásítà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:45 ọ̀sán

Mo gbọ́ ọ, mi ò sì fẹ́ ká ta á nù. Fún ojú-ààmì àti ààlà, òótọ́ lo sọ. Tí o bá fẹ́ mọ inú ààlà tí ojú-ààmì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, tí wọ́n sì pọ̀ débi tí sáfà kan kò lè gbà wọ́n, Apache Sedona lórí Spark ni mo máa lò fúnra mi.

Rásítà yàtọ̀. HDFS kò mọ ohun tó ń jẹ́ máàpù. Báìtì ló ń gé, 128 MB, 128 MB, ibi tó bá bọ́ sí ló bọ́ sí. GeoTIFF tí a ti fún pọ̀, tí ìtọ́ka rẹ̀ wà níwájú, tí wọ́n bá là á ní agbedeméjì, ẹni tó gba ìlàjì kejì kò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. O ní láti kọ́kọ́ tú u, kí o tún un gé ní ìlànà ilẹ̀ fúnra rẹ, bí GeoTrellis ṣe máa ń ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni. Fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń béèrè oko kan lẹ́ẹ̀kan, ìlà iṣẹ́ kan àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ka COG ti tó. Dask, tó ń pín ìṣirò Python káàkiri, á ran ìyẹn náà lọ́wọ́ tó bá fẹ́ ṣe ọdún púpọ̀ lórí ibì kan.

AwòIlẹ̀, kí o tó gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ìbéèrè tó ṣe kókó jù ni èyí: píkísẹ̀lì yìí, ta ló nílò kó tó lè dáhùn?

NDVI kò nílò ẹnikẹ́ni. Píkísẹ̀lì dá dúró gedegbe, pupa àti NIR tirẹ̀ tó o. Gé e bó ṣe wù ọ́.

Ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀ nílò aládùúgbò mẹ́jọ tó yí i ká. Tí o bá gé DEM sí 512 sí 512, tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ka 512 péré, etí gbogbo àpótí ni ìdáhùn rẹ̀ á yí, ìlà gbọnrangandan á sì hàn lórí máàpù bí ojú orí táìlì ilé. Mo ti rí i lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde fún oníbàárà. Jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ka 514, kó ṣírò, kó wá gé píkísẹ̀lì kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkójọ omi ni akọni nínú wọn. Píkísẹ̀lì tó wà létí odò nílò gbogbo ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni wọ́n jìnnà sí i. Kò sí iye píkísẹ̀lì etí tó lè gbà ọ́. Tí o bá gé e lásán, odò á máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní etí àpótí kọ̀ọ̀kan. Sọ́fítíwia TauDEM ń fi MPI ṣe é: àwọn ẹ̀rọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ létí-létí jálẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yára. Ọ̀nà kejì ni kí o gé e ní ibi tí omi fúnra rẹ̀ ti pínyà, orí òkè tó ya àgbègbè ìṣàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ọ̀nà kẹta ni kí o má gé e rárá, kí o yá ẹ̀rọ kan tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ tóbi fún wákàtí kan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

---

ÌyáDátà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:20 ọ̀sán

Bàbá ti sọ̀rọ̀ gígé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti dídà á pọ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tí kì í pariwo máa ń wà.

AwòIlẹ̀ ní ìpíndọ́gba ni òun ń fún oníbàárà. Ká sọ pé igbó kan wà lórí táìlì méjì. Òṣìṣẹ́ kìíní rí píkísẹ̀lì 900,000, ìpíndọ́gba 0.60. Òṣìṣẹ́ kejì rí 100,000, ìpíndọ́gba 0.20. Tí o bá pa méjèèjì pọ̀, tí o pín in sí méjì, 0.40 ni. Irọ́ ni. 0.56 ni òótọ́. Kí òṣìṣẹ́ má ṣe fi ìpíndọ́gba ránṣẹ́ láé. Àpapọ̀ iye àti iye píkísẹ̀lì ni kó fi ránṣẹ́, kí ẹni tó ń gba èsì jọ ṣe ìpínyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí oníbàárà bá sì fẹ́ iye àárín, èyí tí ìdajì wà lókè rẹ̀ tí ìdajì wà nísàlẹ̀, ìyẹn kò ṣeé dà pọ̀ báyìí rárá. Ẹ ní láti kó ìtòlẹ́sẹẹsẹ iye ránṣẹ́: píkísẹ̀lì mélòó ló wà láàárín 0.50 àti 0.51, mélòó ló wà láàárín 0.51 àti 0.52, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkan ṣì kù. Táìlì Sentinel-2 fẹ̀ tó kìlómítà 109.8, bẹ́ẹ̀ kìlómítà 100 ni wọ́n fi jìnnà síra. Wọ́n gun ara wọn ní kìlómítà 9.8. Igbó tó bá bọ́ sí ibẹ̀, ẹ ń kà á lẹ́ẹ̀mejì.

---

AwòIlẹ̀ · Ọjọ́rú, 6:58 àárọ̀

Mo jókòó, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpíndọ́gba àwọn ìpíndọ́gba gan-an ni kóòdù wa ń ṣe, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti wà lórí sáfà kan. Mo ti kọ̀wé sí àwọn oníbàárà tí ilẹ̀ wọn wà lórí ju táìlì kan lọ, mo sì ń bá wọn ṣírò rẹ̀ ní ọ̀tun.

Búkẹ́ẹ̀tì àwòrán àti kọ̀nténà wa kò sí ní àgbègbè kan náà. Mo ti gbé kọ̀nténà lọ síbẹ̀. Pẹ̀lú COG àti fèrèsé kékeré, NDVI oko kan ń parí kí oníbàárà tó ní àyè láti padà wá béèrè ibi tó dé, 137 kò sì tíì padà láti àná.

Mo ti gbé iṣẹ́ sínú ìlà: Celery ló ń pín in fún àwọn òṣìṣẹ́, Redis ló ń tọ́jú ìlà náà. Ìkòkò kan ló wá fẹ́ fọ́ báyìí: ìṣirò DEM tó gùn, mo rí i tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òṣìṣẹ́ méjì, iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń kọ fáìlì kan náà. Oníbàárà sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan péré.

---

OlùṣọÌlà · Ọjọ́rú, 9:05 àárọ̀

Ó gùn ju wákàtí kan lọ, àbí?

Pẹ̀lú Redis, Celery ní ohun kan tó ń jẹ́ visibility_timeout, wákàtí kan ló sì bá a wá. Tí òṣìṣẹ́ bá mú iṣẹ́ tí a fi sí i pé ìparí iṣẹ́ ni kó tó jẹ́wọ́, tí kò sì jẹ́wọ́ láàárín wákàtí kan, ìlà á gbà pé ó ti kú, á sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe àrùn. Òun ló ń gbà yín nígbà tí kọ̀nténà bá kú lóòótọ́. Ẹ sún un ju ìṣirò yín tó gùn jù lọ.

Síbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Nínú iṣẹ́ tó pín sórí ẹ̀rọ púpọ̀, ẹ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iṣẹ́ kan á ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ọ́ débi tí ẹ̀ẹ̀kejì kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Èmi máa ń fi ohun tó wọlé sọ èsì lórúkọ: ààlà, ọjọ́, orúkọ ìṣirò, mo kó wọn pọ̀, mo ṣe háàṣì wọn (ìṣirò tó ń sọ wọ́n di àmì kúkúrú kan), òun ni orúkọ fáìlì. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ wò ó bóyá fáìlì náà ti wà. Tí kò bá sí, á kọ ọ́ sí dísíìkì tirẹ̀ títí yóò fi parí, á wá gbé e lọ sí búkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó máa rí àbọ̀ fáìlì. Èrè rẹ̀ tún ni pé ẹni tó bá béèrè ohun kan náà lọ́la, èsì ti wà nílẹ̀ dè é.

---

ÌyáDátà · Ọjọ́rú, 10:40 àárọ̀

Ẹ fi ẹ̀dà dátà àti ẹ̀dà kóòdù kún háàṣì yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ rèé. Láti 25 oṣù kìíní 2022, tí Sentinel-2 bẹ̀rẹ̀ sí í lo processing baseline (ẹ̀dà ìlànà ìpèsè àwòrán) 04.00, wọ́n ń fi 1000 kún iye píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, olùlò ló sì ní láti yọ ọ́. Mú píkísẹ̀lì kan: NIR 3000, pupa 500. NDVI rẹ̀ jẹ́ 2500 lórí 3500, ìyẹn 0.71. Ní ìlànà tuntun á wá bí 4000 àti 1500. Tí o kò bá yọ 1000 yẹn, 2500 lórí 5500 ni, 0.45. Ewéko kan náà. Ẹni tó bá ń wo ìlà ọdún á rò pé igbó ń kú.

Àwọn ibi ìkópamọ́ kan ti yọ ọ́ kí wọ́n tó kó COG síta, àwọn mìíràn kò yọ ọ́, ìsọfúnni STAC ló máa sọ fún ọ. Tí ẹ bá wá tún kóòdù ṣe lónìí, tí orúkọ háàṣì kò yí padà, èsì àtijọ́ tó ṣì wà nílẹ̀ ni ẹ ó máa fún oníbàárà títí ayé.

---

Alápá_Spark · Ọjọ́rú, 11:15 àárọ̀

Mo gba ti bàbá lórí HDFS. Ìbéèrè mi kan: báwo lẹ ṣe ń mọ iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́? Tiwa ń wo CPU, kì í sì í mú un.

---

OlùṣọÌlà · Ọjọ́rú, 11:52 àárọ̀

Torí pé òṣìṣẹ́ tó ń dúró de báìtì láti búkẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́ CPU kankan. Ìlà lè gùn dé ìta kí CPU ṣì wà ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Gígùn ìlà ni kí ẹ máa wò. KEDA ń ṣe é lórí Kubernetes, ètò tó ń darí àwọn kọ̀nténà, ó sì lè mú òṣìṣẹ́ dé òdo nígbà tí iṣẹ́ kò sí. Ìlà méjì ni kí ẹ ṣe, ọ̀kan fún NDVI kéékèèké, ọ̀kan fún DEM ńlá, kí ọmọ kékeré má baà dúró sẹ́yìn àgbà. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n lè gbà padà nígbàkúgbà dára fún ti àkọ́kọ́, torí AWS fún àpẹẹrẹ ń fún un yín ní ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n tó gbà á, ìṣẹ́jú méjì sì tó NDVI kan parí. Ẹ má fi DEM sí i.

---

AwòIlẹ̀ · Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Mo ti ṣe ìlà méjì. DEM wà lórí ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo báyìí, bí bàbá ṣe ní kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ti fi baseline àti ẹ̀dà kóòdù sínú háàṣì, mo pa gbogbo èsì àtijọ́ rẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ìkan ló kù. Oníbàárà fagi lé iṣẹ́ DEM lánàá, a fi hàn án pé dismissed, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ò mọ̀, ó bá a lọ fún wákàtí méjì.

---

OlùṣọÌlà · Ọjọ́bọ̀, 8:12 àárọ̀

Dismiss tó wà nínú WPS 2.0 àti DELETE lórí /jobs kàn ń sọ ohun tí oníbàárà fẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ìròyìn náà dé etí òṣìṣẹ́. Nígbà tó bá parí ìpele kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, kó ka ipò iṣẹ́ náà nínú PostgreSQL. Tó bá bá dismissed níbẹ̀, kó nu ohun tó wà ní dísíìkì rẹ̀, kó jẹ́wọ́ iṣẹ́ fún ìlà, kó sì mú òmíràn. Tí GDAL bá wà láàárín ìpele kan tó gùn, ẹ fún un ní callback, kóòdù kékeré tí GDAL máa ń pè bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Tí callback yẹn bá dá 0 padà, á dúró níbi tó dé.